Ta Ló Kọ́kọ́ Béèrè? John Kendrick, Olóko Màlúù Wyoming, àti Ọ̀ràn Epo Teapot Dome

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1924, ní Washington, akọ̀wé ọlọ́rọ̀ epo kan jókòó níwájú ìgbìmọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀, ó ń wá bí yóò ṣe fi màlúù bo owó mọ́lẹ̀. G. D. Wahlberg lorúkọ rẹ̀. Harry Sinclair, tó ni ilé iṣẹ́ epo ńlá, ni ọ̀gá rẹ̀. Archie Roosevelt, ọmọ Theodore Roosevelt tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ti bá Sinclair ṣiṣẹ́, ó sì ti wá sọ fún ìgbìmọ̀ náà pé Wahlberg fẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé $68,000 lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó oko màlúù Albert Fall. Fall yìí ni minísítà tó fi ilẹ̀ epo ìjọba lé Sinclair lọ́wọ́. Wahlberg ní rárá o, Roosevelt ló ṣì í gbọ́. Ó ní ohun tí òun wí ni "six or eight cows", ìyẹn màlúù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kì í ṣe "sixty-eight thous". Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó sáré pe méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, yóò mọ ibi tí ọkùnrin náà fẹ́ gbà sá lọ.

Màlúù kan sì wà lóòótọ́. Màá padà síbẹ̀.

Níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn Teapot Dome, ìyẹn ọ̀ràn rìbá lórí ilẹ̀ epo ìjọba ní Wyoming, Thomas Walsh, sẹ́nétọ̀ láti Montana, ni wọ́n máa ń gbé sókè. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló tọpinpin ọ̀ràn náà títí àṣírí fi tú. Ṣùgbọ́n kí Walsh tó ṣí ìwé kan wò, ẹnìkan ti dìde nílé aṣòfin àgbà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1922, ó ní kí ìjọba sọ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ti gbé ilẹ̀ epo tí a fi pamọ́ fún ọmọ ogun ojú omi fún ẹnìkan. Ẹni náà ni John Kendrick láti Wyoming, ọkùnrin tó fi ẹ̀yìn màlúù bẹ̀rẹ̀ ayé. Ó máa ń dùn mí pé orúkọ rẹ̀ kì í ju ìlà kan lọ nínú ìtàn yìí. Ohun tí mo gbà ni pé iṣẹ́ màlúù ló kọ́ ọ ní ìbéèrè tó béèrè lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ wá.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1857 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Cherokee ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọ òrukàn ni láti kékeré. Ọ̀dọ̀ ẹbí ló ti dàgbà, ìwé tó kà nílé ẹ̀kọ́ kò tó nǹkan, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún tó ti ń fi ẹran ẹlẹ́ran jẹun. Ní 1879, Charles Wulfjen gbà á mọ́ àwọn darandaran tó fẹ́ da agbo màlúù láti Texas lọ sí Wyoming. Ọ̀nà náà ju máìlì ẹgbẹ̀rún kan lọ, oṣù mélòó kan ni wọ́n sì fi rìn ín, nítorí màlúù tí a bá lé ní ìlékúlèé, egungun lásán ni yóò débẹ̀. Máìlì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń rìn lóòjọ́, kó lè jẹ koríko bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ tuntun, ẹ̀yìn agbo ni wọ́n ń fi sí, níbi tí eruku gbogbo àwọn tó ṣáájú ti ń wọ ojú wọ imú. Lóru, wọ́n á pín ìṣọ́ ṣe, wọ́n á gun ẹṣin yí agbo ká, wọ́n á máa kọrin jẹ́jẹ́ kí ẹran má bàa ta gìrì. Bí màlúù tó tó ẹgbẹ̀rún bá fi lè bú sáré nínú òkùnkùn, ọjọ́ méjì mẹ́ta lè má tó láti kó wọn jọ, ẹni tó bá sì ṣubú lórí ẹṣin níwájú wọn kò ní rí ìtàn sọ. Odò ńláńlá wà lọ́nà tí kò ní afárá.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ èèyàn ní ìṣírò. Nígbà tí o bá da ẹran kan fún oṣù márùn-ún, o mọ ohun tó jẹ, o mọ ohun tó sọnù lára rẹ̀ ní odò kọ̀ọ̀kan, o sì mọ iye tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á san. Kendrick dúró sí Wyoming, ó ń bá àwọn olówó bójú tó màlúù wọn, ó sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kó tirẹ̀ jọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí n kò ní fò. Ilẹ̀ tí wọ́n da màlúù wọ̀nyẹn lọ kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lólúwa. Àwọn Lakota àti Cheyenne, ẹ̀yà àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń dọdẹ ẹfọ̀n níbẹ̀. Ọdún 1876 ni wọ́n ṣẹ́gun Custer, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, ní Little Bighorn, ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ìjọba ti lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ náà, àwọn oníbọn sì ti ń pa ẹfọ̀n run lọ. Koríko tó sọ Kendrick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di olówó, orí òfò ẹlòmíràn ló ti hù. Gbogbo rere tí mo bá fẹ́ sọ nípa ọkùnrin yìí, ìyẹn wà nídìí rẹ̀.

Òfò ya ọ̀dọ̀ àwọn olówó màlúù náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1886 gbẹ, koríko kò yọ tó, màlúù sì ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Kí ọdún tó parí ni òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù Kìn-ín-ní 1887, yìnyín ti dì lé koríko lórí, màlúù ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, kò rí nǹkan jẹ. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún màlúù ló kú káàkiri pápá ìhà àríwá. Àwọn olówó Yúróòpù tó fi owó sínú òwò yìí láìrí màlúù sójú rí kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Àwọn tó kù wá mọ̀ pé èèyàn ní láti ní ilẹ̀ tirẹ̀, kó gé koríko nígbà tó bá wà, kó gbẹ ẹ́, kó kó o pamọ́ de ọjọ́ tí kò ní sí. Fífi nǹkan pamọ́ de ọjọ́ àìní: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn dé ìgbà tí a bá dé orí epo.

Kendrick wà lára àwọn tó kù. Ní 1891 ó fẹ́ Eula, ọmọ Wulfjen; ọ̀gá àná wá di àna. Etí odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Hanging Woman, lẹ́bàá ààlà Montana òun Wyoming, ni oko màlúù OW wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé bẹ̀rẹ̀ ilé. Ó ra ilẹ̀, ó tún ra ilẹ̀, títí ilẹ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ méjèèjì fi ju éékà 200,000 lọ. Ilé ńlá tó kọ́ sí ìlú Sheridan parí ní 1913, Trail End ló sọ ọ́, ibi tí ọ̀nà ìdaran parí sí. Ilé náà wà níbẹ̀ dòní, ìpínlẹ̀ Wyoming ló ń tọ́jú rẹ̀.

Òṣèlú rẹ̀ kò ṣòro láti ròyìn. Wọ́n yàn án sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 1910, lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat, ní ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ Republican ti rinlẹ̀. Ó di gómìnà ní oṣù Kìn-ín-ní 1915. Nígbà tirẹ̀ ni Wyoming ṣe òfin tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1916 ó dupò sẹ́nétọ̀, ó sì wọlé. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló máa ń jókòó yan sẹ́nétọ̀. Ìgbà tí wọ́n tún òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1913 ló di ti gbogbo ará ìlú. Kendrick ni ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn ará Wyoming fi ìbò tiwọn rán lọ sí Washington. Mo rò pé ó ṣe pàtàkì. Àwọn tó rán an níṣẹ́ lè kọ̀wé sí i, ó sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn lòun yóò padà sí.

Ìjà tó kọ́kọ́ gbé dé Washington, ìjà ọjà ni. Olóko màlúù á fi ọdún bíi mẹ́ta sin ẹran, á kó o sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di Chicago. Tó bá débẹ̀, ilé iṣẹ́ márùn-ún ló ń pa ẹran fún gbogbo orílẹ̀-èdè: Armour, Swift, Morris, Wilson àti Cudahy. Màlúù kò ṣeé dá padà sílé. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lò lọ́jà, rírù ló ń rù, oúnjẹ tó sì ń jẹ níbẹ̀, owó olówó ẹran ni. Àwọn olùrà mọ èyí dáadáa. Ìwádìí ìjọba tó jáde ní 1918 sọ ohun tí àwọn darandaran ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́: pé àwọn márààrún ti ń gbìmọ̀ pọ̀ lórí iye tí wọ́n máa san. Ẹran dé ọjà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ná an tán kó tó dé. Kendrick àti William Kenyon láti Iowa gbé àbá òfin dìde láti fi ìjánu sí wọn lẹ́nu. Àwọn ilé iṣẹ́ náà bá a jà kíkan. Òfin tó jáde nígbẹ̀yìn ní 1921 kò rí bí àwọn méjèèjì ti fẹ́ ẹ, àmọ́ ó fi ojú ìjọba sínú ọjà ẹran.

Ọjà tí a ná nínú òkùnkùn: ohun tó mọ̀ nìyẹn, ohun tó sì kórìíra nìyẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ Teapot Dome fi dé.

Òkúta yanrìn kan wà ní àríwá ìlú Casper, Wyoming, tó rí bíi ṣágo tí a fi ń po tíì. Òun ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Abẹ́ ilẹ̀ ìtòsí rẹ̀ ní epo rọ̀bì. Nígbà tí ọkọ̀ ogun ojú omi ń kúrò lórí èédú bọ́ sórí epo, ìjọba rò ó pé bí ogun bá dé lọ́jọ́ kan tí epo sì wọ́n ńkọ́? Ààrẹ Taft ya ilẹ̀ méjì sọ́tọ̀ ní California ní 1912, Elk Hills àti Buena Vista. Ààrẹ Wilson fi Teapot Dome kún un ní 1915, ilẹ̀ tó lé ní éékà 9,000. Epo náà, wọ́n ní kó wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, bí koríko gbígbẹ tí olóko màlúù kó pamọ́ de òjò dídì.

Ní 1921, Warren Harding di ààrẹ, ó sì fi Albert Fall ṣe minísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba. Olóko màlúù ni Fall náà. Oko rẹ̀ wà ní Three Rivers ní New Mexico, òun àti Kendrick sì ti jọ jẹ́ sẹ́nétọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Bí ẹ bá to ìgbésí ayé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ óò rí i pé wọ́n jọra ju bí èèyàn ti lè rò lọ: ọmọ tálákà tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tó gun ẹṣin tẹ̀lé màlúù, tó di olóko, tó di sẹ́nétọ̀. Ibi tí wọ́n ti yà ni pé oko Kendrick ń lọ sókè, ti Fall ń rì. Ó ti pẹ́ tí Fall ti jẹ owó orí ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tí kò lè san.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí ipò tó fi gba àṣẹ Harding, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1921, pé kí ìkáwọ́ ilẹ̀ epo wọ̀nyẹn kúrò lọ́wọ́ minísítà ọmọ ogun ojú omi, Edwin Denby, kó bọ́ sọ́wọ́ tòun. Denby kò jà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1922, Fall buwọ́ lu ìwé tó fi gbogbo Teapot Dome fún ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mammoth Oil, ti Sinclair ni. Elk Hills ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀ epo mìíràn, Edward Doheny, ọ̀rẹ́ Fall láti ìgbà tí wọ́n jọ ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Wọn kò kéde. Wọn kò ké sí ẹlòmíràn kó wá sọ iye tó lè san. Ìwé náà wà nínú dúróọ̀ Fall, àwọn tó mọ̀ kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kò ṣeé fi sínú dúróọ̀. Àwọn ará Wyoming rí ọkọ̀ ẹrù Sinclair tó ń kó irin iṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀ sí ti ìjọba. Leslie Miller, tó ń ṣe òwò epo kékeré nígbà náà, tó sì padà di gómìnà Wyoming lọ́dún 1933, wà lára àwọn tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Kendrick. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju èyí lọ: ṣé wọ́n ti ta ibẹ̀ ni? Bí wọ́n bá ń tà á, kí ló dé tí a kò gbọ́, kí àwa náà lè ná an?

Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Ìbéèrè darandaran ní ọjà Chicago ni. Ta ló ti bá ta ná an kí n tó dé?

Kendrick kọ́kọ́ ṣe é ní ìrọ̀rùn. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ilé iṣẹ́ Fall, kò sì rí ìdáhùn gidi gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ìwé ìròyìn Wall Street Journal gbé e jáde pé ilẹ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ Sinclair. Lọ́jọ́ kejì ni Kendrick gbé àbá wá sílé aṣòfin àgbà. Kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ó kàn ní kí minísítà sọ fún Ilé bóyá ìdúnàádúrà kankan wà lórí Teapot Dome, àti pẹ̀lú ta ni. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn òṣèlú tí ariwo fi pa ọ̀ràn run, nítorí ẹni tó fẹ̀sùn kàn ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sì rí ibi dì mú. Ìbéèrè Kendrick kò ní ibi ìdìmú. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bí ilé iṣẹ́ náà bá purọ́ fún Ilé aṣòfin, ìyẹn tún di ọ̀ràn mìíràn.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, igbákejì Fall fèsì. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti buwọ́ lù ú láti ọjọ́ 7.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí nìyẹn. Robert La Follette láti Wisconsin gba ibẹ̀ wọlé, ó ní kí wọ́n ṣe ìwádìí pátápátá, Ilé sì gbà kí oṣù náà tó parí. Fall kó àpótí àti àpótí ìwé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà, bóyá kí ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní kà á tán. La Follette àti Kendrick bẹ Walsh pé kó gba iṣẹ́ náà, nítorí agbẹjọ́rò tí kì í sá fún ìwé ni. Kendrick kì í ṣe agbẹjọ́rò, ó sì mọ ibi tí agbára òun mọ. Ìbò tirẹ̀ náà ti ń bọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1922, Frank Mondell, aṣáájú ẹgbẹ́ Republican ní ilé aṣòfin kejì, wá bá a dupò. Kendrick ló wọlé.

Walsh fi ọdún kan àti ààbọ̀ ka ìwé. Fall fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 1923, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ìjókòó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Fall ní ọmọ ogun ojú omi lòun ń ṣe lóore, pé kànga àwọn aládàáni ní Salt Creek, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Teapot Dome, ń fa epo ìjọba lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ wá jẹ́rìí sí ìhà tirẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Àwọn oníwèé ìròyìn kò tilẹ̀ fẹ́ wá jókòó mọ́.

Oko màlúù ló tú u. Carl Magee, oníwèé ìròyìn ní Albuquerque, wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé ní 1920 òun bá Fall lálejò ní Three Rivers, oko ti bàjẹ́, ọgbà ti wó, Fall fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò ní owó lọ́wọ́. Nígbà tí òun tún kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn náà, òpó òkúta ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti la ọ̀nà tó dán, iná mànàmáná ti dé. Fall ti san owó orí tó jẹ sílẹ̀. Ó tún ti ra ilẹ̀ kún ilẹ̀. $12,000 lọ́dún sì ni owó oṣù minísítà.

Wọ́n wá tú ìwé ẹrù rélùwéè wò, wọ́n sì pe àwọn òṣìṣẹ́ oko. Ibẹ̀ ni màlúù ti jáde. Sinclair ti fi ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ wá sí Three Rivers ní ìparí ọdún 1921. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹran dé láti oko rẹ̀ ní New Jersey: ẹgbọrọ abo màlúù mẹ́fà, akọ kan, akọ ẹlẹ́dẹ̀ méjì, abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ní Fall ti sanwó rẹ̀. Iye tí wọ́n dá kò ju $1,100 lọ, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹran ti délé ni wọ́n sì san án.

Ẹni tí kò sin ẹran rí lè máa rò pé kí ni màlúù mẹ́fà já mọ́ lára ọ̀ràn tó tó báyìí. Ẹni tó ń sin ẹran mọ̀. Akọ kan tó bá ti ìran rere wá lè yí gbogbo agbo padà láàárín ọdún díẹ̀. Ohun tí a fún olóko nìyẹn tí kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀ bí owó ṣe ń tán. Nígbà tí Wahlberg wá sọ pé "màlúù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ" lòun sọ, ó rò pé òun ń fi ohun kékeré bo ohun ńlá. Ó bá mi nínú jẹ́ láti ronú nípa Kendrick níbi tó wà, ẹni tó mọ iye oṣù tí màlúù kan fi ń rìn láti Texas, tó ń gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹran ra ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Owó náà kò pẹ́ jáde. Fall ti kọ́kọ́ sọ pé Edward McLean, tó ni ìwé ìròyìn Washington Post, ló yá òun ní $100,000. Walsh wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá McLean ní Palm Beach, McLean sì jẹ́wọ́ pé ṣẹ́ẹ̀kì tí òun fún Fall, Fall dá a padà láìpààrọ̀ rẹ̀ sówó. Ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní 1924, Doheny fúnra rẹ̀ wá, ó ní òun ló yá Fall ní $100,000 náà, pé ọmọ òun ló gbé e lọ fún un nínú àpò dúdú kékeré kan ní oṣù Kọkànlá 1921. Ìwé gbèsè tó mú wá fi hàn kò ní ìbuwọ́lù Fall, nítorí wọ́n ti ya ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí i pé ìwé ẹ̀yáwó ìjọba tó lé ní $200,000 ti ọ̀dọ̀ Sinclair gba ọwọ́ ọkọ ọmọ Fall kọjá.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé àdéhùn Elk Hills ní oṣù Kejì 1927, ó fagi lé ti Teapot Dome ní oṣù Kẹwàá. Ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ọmọ ogun ojú omi. Sinclair bọ́ nínú ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ ní 1929, nítorí ó kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè sẹ́nétọ̀, ó sì tún rán ọlọ́pàá aládàáni tẹ̀lé àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kiri. Wọ́n dá Fall lẹ́bi ní oṣù Kẹwàá 1929 pé ó gba rìbá lọ́wọ́ Doheny. Ọdún kan lẹ́wọ̀n, àti $100,000 owó ìtanràn tí kò rí san láé. Òun ni minísítà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí ohun tó ṣe lórí ipò. Ní 1930, ilé ẹjọ́ ní Doheny kò jẹ̀bi pé ó fúnni ní rìbá kan náà. N kò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹni tó lóye tẹ́wọ́ gba ìyẹn: owó kan ṣoṣo, àpò kan ṣoṣo, ẹni tó gbà á jẹ̀bi, ẹni tó fún un bọ́. Oko Three Rivers ni ohun ìdógò fún gbèsè Doheny. Ilé iṣẹ́ Doheny ló gbà á lọ́wọ́ Fall nígbẹ̀yìn, ìyẹn oko tí gbogbo rẹ̀ tìtorí rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Kendrick kò jẹ́rìí pa ẹnikẹ́ni, kò sì sọ ara rẹ̀ di akọni lórí rẹ̀. Wyoming tún dá a padà sí Washington ní 1928. Ọ̀rọ̀ tó wá gbà á lọ́kàn jù nígbà náà ni omi. Ó fẹ́ kí ìjọba sé odò North Platte nítòsí Casper, kí wọ́n darí omi rẹ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ tí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké lè fi dáko. Àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ odò náà, Nebraska pàápàá, kò fẹ́, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé omi tiwọn yóò dín. Ó ń bá a lọ ọdún dé ọdún. Lọ́dún 1933, lábẹ́ ààrẹ Franklin Roosevelt, ìjọba gbà.

Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn náà ni Kendrick kú, ní Sheridan, lẹ́ni ọdún 76. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe iṣẹ́ omi náà ní 1937. Ìdídò Alcova parí ní 1938.